Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ló dé tí ọmọ Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ń san iye tí ọmọ Amẹ́ríkà ń san?

Eré ọmọdé ti di ọjà ńlá báyìí, ọjà náà kò sì sí ní ìgboro mọ́. Ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin nípìnlẹ̀ Èkó, níbi tí ọkọ̀ agbépo ti máa ń tò lọ bẹẹrẹ nítorí àwọn àgbá ńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo sí, àti ní FESTAC tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀dọ́ tó fẹ́ ra géèmù orí kọ̀ǹpútà kò dìgbà tó bá dé ọjà Alábà kó tó rà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń rà á, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà, ní Poland tàbí ní Japan. Kò sí páálí, kò sí àwo CD. Inú ẹ̀rọ ni ọjà náà ń wọlé sí tààrà.

Ṣùgbọ́n owó tó ń jáde fún un, àpò bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń ti jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi yẹ kó ṣàjèjì sí ẹ̀yin àgbà, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wà lábúlé tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ l'Ékòó. Bí ọmọ bá ní kí ẹ yá òun ní káàdì báńkì yín láti fi ra géèmù, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bọ́ sí.

Ohun mẹ́ta la fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n àwọn ìsọ̀ náà lónìí: iye tí wọ́n ń bu lé ọjà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí géèmù fi ń dé ọwọ́ ẹni tó rà á, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà nígbà tí nǹkan bá wọ́. Kò sí èyí tó dára tán nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà.

ÀWỌN WO NI ỌLỌ́JÀ NÁÀ?

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn tó ń ta géèmù kọ̀ǹpútà ni Steam. Ilé-iṣẹ́ Valve, tí Gabe Newell àti Mike Harrington dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, ló ni ín. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i. GOG tẹ̀ lé e lọ́dún 2008, CD Projekt ti ilẹ̀ Poland ló dá a sílẹ̀. Epic Games Store dé ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ PlayStation, ọ̀dọ̀ Sony ti ilẹ̀ Japan ló ti ń rajà. Ẹni tó bá ń fi fóònù ta eré, ọ̀dọ̀ Google Play tàbí Apple ló ń lọ.

Àwọn ìsọ̀ yìí kì í sábà ṣe géèmù tí wọ́n ń tà fúnra wọn. Alágbàtà ni wọ́n. Steam máa ń mú $30 nínú $100 tí géèmù bá pa, kó tó wá dín in kù fún àwọn tí ọjà wọn bá tà púpọ̀ gan-an. Epic ní òun kì í mú ju $12 lọ. Ìyàtọ̀ yìí dùn mọ́ ẹni tó ṣe géèmù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà.

IYE KAN NÁÀ, ÌNIRA Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ẹni tó bá ti nájà ní Mile 2 mọ̀ pé ọlọ́jà máa ń wo ojú oníbàárà kó tó sọ iye. Àwọn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ojú ni wọ́n ń wò, orílẹ̀-èdè ni. Steam ń gba owó ilẹ̀ tó ju 30 lọ. Rand ti South Africa wà níbẹ̀, rupee ti India wà níbẹ̀, rupiah ti Indonesia àti hryvnia ti Ukraine wà níbẹ̀. Náírà kò sí níbẹ̀. Fráǹkì CFA tí àwọn ará wa ní Benin àti Togo ń ná kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún wà tí wọn kì í ná owó tiwọn lórí Steam, ṣùgbọ́n tí wọ́n kó àwọn àti aládùúgbò wọn jọ sí ẹkùn kan, tí wọ́n sì fi dọ́là bu iye tó rọjú fún wọn. Pakistan àti Bangladesh wà nínú ẹkùn Gúúsù Asia. Egypt, Morocco àti Algeria wà nínú ẹkùn tó kó Àríwá Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá pọ̀. Nàìjíríà kò sí nínú ọ̀kankan. Agbọ̀n kan náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wa sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí. Géèmù ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè tó $70. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan sí ₦1,500, iye tí kò jìnnà sí ibi tí náírà wà láàárín ọdún 2024 sí 2025, géèmù kan ṣoṣo di ₦105,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ₦85,000 ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ l'Ékòó yóò kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún wá ₦20,000 kún un, kó tó ra géèmù kan fún ọmọ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín ní $7.25. Ẹni tó ń gba iye tó kéré jù yìí yóò ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 10, ó ti tó ra géèmù náà. Iye kan náà ni wọ́n kọ sára ọjà, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kìíní kò jọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kejì.

Ẹ ó rántí pé kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò tirẹ̀ lọ́jà, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì. Géèmù $70 ìgbà náà jẹ́ ₦32,900. Ẹni tó ń ta géèmù kò fi kọ́bọ̀ kan kún ọjà rẹ̀. Náírà ló ṣubú mọ́ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE FÚN ARGENTINA ÀTI TURKEY

Àwọn kan ń sọ pé kí Steam ṣáà gba náírà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Steam ń gba peso ti Argentina àti lira ti Turkey. Owó méjèèjì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, débi pé géèmù ibẹ̀ wá di pọ̀ọ́kú. Àwọn ará ilẹ̀ olówó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní VPN díbọ́n pé Argentina làwọn wà, kí wọ́n lè rà á lẹ́dìn-ín-wó. Ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2023, Steam pa peso àti lira tì, ó sọ orílẹ̀-èdè méjèèjì di ibi tí wọ́n ti ń fi dọ́là rajà. Ìdí tí Valve sọ ni pé iye owó náà kò dúró lójú kan, àti wàhálà owó orí pẹ̀lú ọ̀nà ìsanwó.

Ẹ wo náírà tó kúrò ní ₦470 tó di ₦1,500 láàárín ọdún kan. Ilé-iṣẹ́ tó sá fún peso kò ní sáré gba náírà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: nígbà tí wọ́n lé peso jáde, wọn kò sọ Argentina sí agbọ̀n Amẹ́ríkà. Ẹkùn tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀ fún òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, pé dọ́là ni kí wọ́n san, àmọ́ kó jẹ́ dọ́là tó kéré. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nílò. Kò ní kí Valve gbé ẹrù náírà, kò sì ní kí ọmọ Nàìjíríà san owó ọmọ New York.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹkùn náà fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó ṣe géèmù ló ń bu iye lé e, Valve kàn ń dábàá ni. Níwọ̀n ìgbà tí àwa àti Amẹ́ríkà bá wà nínú agbọ̀n kan, ẹni tó ṣe géèmù tó sì fẹ́ ṣàánú Nàìjíríà kò lè ṣe é, àfi kó dín iye kù fún Amẹ́ríkà náà. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti Sony tún burú ju èyí lọ. Nínú gbogbo Áfíríkà, South Africa nìkan ló wà nínú orúkọ àwọn ilẹ̀ tí PlayStation Network ń bá ṣòwò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ní PlayStation ló ń ṣí àkáǹtì bí ẹni pé Amẹ́ríkà tàbí ìlú Ọba làwọn ń gbé. Ohun tó wà nínú irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ hàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Sony ní kí gbogbo ẹni tó ra géèmù Helldivers 2 lórí Steam lọ ṣí àkáǹtì PlayStation dandan, wọ́n sì yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 tí PlayStation Network kò dé. Àwọn tó ti sanwó fárígá káàkiri àgbáyé, Sony sì yí àṣẹ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn onífóònù ni ara ti tu wá díẹ̀. Google Play àti Apple ń fi náírà kọ iye ọjà wọn fún Nàìjíríà, ọmọ mọ iye tó ń ná, òbí náà mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Carry1st tó wà ní Cape Town tún ní ìsọ̀ kan tó ń jẹ́ kí ará Nàìjíríà fi owó ilẹ̀ wa ra owó inú géèmù, irú èyí tí wọ́n ń ná nínú Call of Duty: Mobile.

WÀHÁLÀ KÁÀDÌ BÁŃKÌ

Ẹni tó tiẹ̀ lówó lọ́wọ́ kì í fìgbà gbogbo rí i san. Lọ́dún 2022, àwọn báńkì ńlá dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá nígbà tó yá. Ọdún 2025 ni àwọn báńkì kan tó tún ṣí i padà. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ wá ọgbọ́n mìíràn dá: wọ́n ń ra káàdì ẹ̀bùn Steam lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí fóònù, wọ́n ń bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, tàbí kí wọ́n ra àkáǹtì ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Káàdì ẹ̀bùn kò ju nọ́ńbà lásán lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó ló ni ín. Bó bá jẹ́ owó olè ni wọ́n fi rà á, ìsọ̀ náà lè ti àkáǹtì ẹni tó lò ó pa. Ẹni tó bá sì fi VPN díbọ́n pé òun wà nílùú tí ọjà ti pọ̀ ti rú òfin Steam. Wọ́n ti fún okùn ibẹ̀ le: ẹni tó bá fẹ́ yí orílẹ̀-èdè padà gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà ìsanwó ilẹ̀ náà sanwó, kò sì lè yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta.

RÍRÀ KỌ́ NI RÍRÍ GBÀ

Géèmù tí ẹ bá rà ṣì gbọ́dọ̀ gba orí dátà wọlé. Géèmù Baldur's Gate 3 ń bèèrè àyè tó tó gígábáìtì 150 nínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni Red Dead Redemption 2. Ká sọ pé ₦400 ni ẹnì kan ń ra gígábáìtì kan, dátà tó máa gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé lè gba ₦60,000 sórí owó géèmù fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi iye tó tó ìdajì kún owó tí wọ́n ń gbà. Géèmù ọ̀fẹ́ gan-an kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún wa. Epic ti ń fi géèmù tọrẹ láti ìgbà tó ti ṣí, ó fi Grand Theft Auto V tọrẹ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 tí èrò fi ya bò wọ́n débi pé ìsọ̀ náà dákú. Ẹ̀bùn ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò ní dátà kò lè gbé e délé.

Nílùú tí iná ti ń lọ láìdágbére, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹrù tó dé ìdajì má padà sẹ́yìn. Steam àti Epic ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dúró nígbà tí iná bá dé. Steam tún ń gbà kí èèyàn yan aago tí yóò máa gba ẹrù wọlé, bí òru tí dátà máa ń dínwó. Láti oṣù kejì ọdún 2023, kọ̀ǹpútà méjì tó wà nínú ilé kan lè gba géèmù Steam lọ́wọ́ ara wọn láìná dátà. Ẹni tó ń ṣí ilé géèmù fún àwọn ọmọ FESTAC, tó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún, lè gba ẹrù náà wọlé lẹ́ẹ̀kan kó sì pín in.

GOG ló fakọ yọ jù níbí. Géèmù rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ tó ń dè é mọ́ ìsọ̀. Ẹni tó bá ti rà á lè gbà á wọlé ní káfé, kó dà á sínú ẹ̀rọ ìkósọfọ́tò tàbí díìsìkì, kó gbé e lọ sábúlé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì ṣiṣẹ́.

BÍ ỌJÀ BÁ BÀ JẸ́ ŃKỌ́?

Ọdún pípẹ́ ni Steam fi ń sọ fún oníbàárà pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ní àbọ̀. Àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Australia gbé Valve lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2014. Ilé ẹjọ́ dá Valve lẹ́bi ní oṣù kẹta ọdún 2016, ó sì ní kó san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ti Australia ní oṣù kejìlá ọdún náà. Kó tó di pé ẹjọ́ parí, Valve ti gbé òfin ìdápadà owó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2015: ẹni tó bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì tíì ta géèmù náà fún wákàtí méjì, yóò gba owó rẹ̀.

Irú òfin yìí náà ni Epic ń lò. GOG fún oníbàárà ní ọjọ́ 30, bó tiẹ̀ ti gbà á wọlé tó sì ti ta á. PlayStation ń fún ni ní ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba géèmù náà wọlé, ó ti bọ́ nìyẹn, àyàfi tó bá jẹ́ pé géèmù náà bà jẹ́. Kò sí èyí tó fi ìsọ̀ lélẹ̀ l'Ékòó tí èèyàn lè rìn wọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti kọ ẹ̀sùn yín, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó ti dúró de èsì. Bí Steam kò bá lè dá owó padà sínú káàdì tí ẹ fi sanwó, inú àpò yín lórí Steam ni yóò sọ ọ́ sí, kò sì ní di náírà mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kan òbí jù ni ti rírà láìmọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà mú kí Epic gbà láti san $245 mílíọ̀nù padà fún àwọn oníbàárà, nítorí bí wọ́n ṣe to bọ́tìnnì inú géèmù Fortnite tí àwọn èèyàn, ọmọdé wà lára wọn, fi ń rajà tí wọn kò ní lọ́kàn láti rà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí òfin ti múlẹ̀, ẹ má ṣe fi káàdì sílẹ̀ nínú fóònù ọmọ níhìn-ín.

ṢÉ Ẹ LÈ FI ṢE OGÚN?

Ẹni tó ra ọpọ́n ayò ló ni ọpọ́n ayò, bó bá kú, ọmọ rẹ̀ á jogún rẹ̀. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè láti lò ó ni ìsọ̀ náà ń tà. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan lọ́dún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025, pé kí àwọn ọlọ́jà yìí sọ ọ́ ní gbangba, Steam sì ti kọ ọ́ sójú ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Lọ́dún 2024 kan náà, Steam fèsì fún oníbàárà kan pé àkáǹtì kò ṣeé fi sínú ìwé ìhágún. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa géèmù The Crew kú, àwọn tó ti fi owó wọn rà á kò sì lè ta á mọ́. GOG nìkan ló lè sọ pé ohun tí ẹ bá ti dà sínú díìsìkì yín, kò sẹ́ni tó lè wá gbà á.

KÍ LÓ YẸ KÍ A ṢE?

Àkọ́kọ́, kí òbí má yá ọmọ ní káàdì tí owó oṣù ń wọ̀. Ẹ wá káàdì ọ̀tọ̀ tí owó inú rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́ rírà ọjà nínú fóònù. Èkejì, kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣe sùúrù de ìgbà ẹ̀dínwó, nítorí géèmù $70 kì í pẹ́ lórí $70. Ẹ̀kẹta, níbi tí GOG àti Steam bá ti jọ ń ta ọjà kan níye kan náà, ti GOG ló sàn fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ra àkáǹtì ẹlòmíràn, bó ti wù kó dínwó tó.

Ti ìjọba náà wà níbẹ̀. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà bu $220 mílíọ̀nù lé Meta, tó ni Facebook, ní oṣù keje ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àjọ náà ní eyín nígbà yẹn. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni ta ọjà rẹ̀ ní pọ̀ọ́kú fún wa, ṣùgbọ́n àjọ náà lè béèrè pé kí ẹni tó ń gba owó ọmọ Nàìjíríà ní ọ̀nà tó já geere tí yóò fi dá owó náà padà, kó sì pe àwọn ọlọ́jà náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Australia kò dúró de Valve kó tó gbèjà àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, wọ́n á máa kó o pọ̀ mọ́ olówó nínú agbọ̀n kan náà ni.